Ìwádìí Yunifásítì Gbọ́dọ̀ Dé Agboolé

Ọ̀rọ̀ sí àwọn aláṣẹ yunifásítì ní Èkó, sí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, àti sí gbogbo ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Bí a bá dárúkọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Erékùṣù Èkó fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni ìkéde tí M.K.O. Abíọ́lá ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ 11, oṣù kẹfà, 1994, pé òun ni ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn amòfin, orúkọ àdúgbò wa ti wà nínú ìwé tipẹ́ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Nígbà tí Kòsọ́kọ́, tó ti jọba Èkó rí, padà láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862, àwọn èèyàn rẹ̀ ló tẹ̀dó síbí lábẹ́ Olóyè Oṣòdì Tápà, ní agboolé 21. Ìwé ilẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ lé e lórí ní 1869 dá ọ̀ràn sílẹ̀: ta ló ni ilẹ̀, ṣé ẹbí Oṣòdì ni, àbí àwọn tó ń gbé inú agboolé? Ẹjọ́ yẹn ò tán nílé. Ó dé iwájú ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930, ó sì di dandan kí ìjọba ṣe òfin ọ̀tọ̀ fún ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní 1947. T. O. Elias, ọmọ Èkó, tó di olórí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Èkó kó tó di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè yìí, kọ ìwé ńlá lórí òfin ilẹ̀ wa ní 1951.

Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó ní Akọka ń kọ́ nípa ẹjọ́ ilẹ̀ wa. Ọmọ tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ ọ̀hún ńkọ́? Bó bá fẹ́ mọ ohun tí ilé-ẹjọ́ sọ nípa ilé bàbá rẹ̀, àfi kó lọ san owó fún lọ́yà.

Ohun kan ṣoṣo ni ìwé yìí ń béèrè. Kí Sẹ́nétì yunifásítì kọ̀ọ̀kan ṣe é ní òfin pé ìwádìí èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣe lára èèyàn, omi, ilẹ̀, ilé tàbí ìtàn àdúgbò kan kò ní wọ inú ìṣirò ìgbéga olùwádìí, àfi tó bá ti kọ àbọ̀ rẹ̀ ní èdè tí àdúgbò náà ń sọ, tó sì ti wá kà á sétígbọ̀ọ́ wọn. Ojú ewé méjì ti tó. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, Yorùbá ni èdè náà.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn yunifásítì wa ò ṣiṣẹ́. Láti 1962 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, kò sí ẹ̀yà ìmọ̀ tí wọn ò fọwọ́ bà: ìṣègùn ní Ìdí-Àràbà, ẹja àti omi ọ̀sà, irin àti kọnkéré, òfin, ìtàn, ètò ìlú. Yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Ọ̀jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ní ayé ìṣèjọba Lateef Jákàńdè, ọmọ tí wọ́n bí ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó yìí gan-an. Àwa la fi ọmọ tó dá a sílẹ̀ lé Èkó lọ́wọ́. Ó yẹ ká máa rí nǹkan gbà padà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìwádìí bá jókòó sínú ìwé. Ní 1955, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n ní àwọn fẹ́ tún un kọ́, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Surùlérè. Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tọ àwọn ìdílé wọ̀nyẹn lọ, ó bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1961. Ohun tó rí kedere. Bí wọ́n ṣe tú agboolé ká, ìrànlọ́wọ́ tí ẹbí ń ṣe fún ara wọn já. Ìyá tó ń tajà nídìí ilé pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀. Owó ọkọ̀ wá ń jẹ èrè iṣẹ́. Ilé tuntun dára lójú, ṣùgbọ́n ayé le sí i fún àwọn tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ti wà nínú ìwé fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí ìjọba ológun tó wó Màrókò ní oṣù keje, 1990, tí wọ́n sì fi ẹgbàágbèje èèyàn sílẹ̀ láìnílé. Mi ò sọ pé ìwé kan ṣoṣo ì bá dá katakata dúró. Ohun tí mo mọ̀ ni pé aráàlú tí kò gbọ́ ohun tí ìwádìí sọ nípa ara rẹ̀ kò lè gbé e dání lọ bá ìjọba.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ilé tó ń wó. Lọ́jọ́ 13, oṣù kẹta, 2019, ilé alájà kan wó ní Ìta Fàájì, nítòsí wa níbí. Ilé-ìwé wà lókè rẹ̀. Ọmọdé wà lára àwọn tó kú. Ilẹ̀ wa jẹ́ iyanrìn àti àbàtà tí wọ́n dí. Omi kò jìn sísàlẹ̀, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ yẹn ń jẹ irin tó wà nínú kọnkéré díẹ̀díẹ̀, láìjẹ́ pé ojú rí i, títí òpó á fi sán. Gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ló mọ èyí. Bírìkìlà tó ń po kọnkéré ní agboolé wa ńkọ́? Baálé ilé tó fẹ́ fi àjà kan kún ilé àwọn baba rẹ̀ ńkọ́? Àwọn yìí ló ń pinnu ohun tí ilé yóò jẹ́, àwọn gan-an ni ìwé kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣà.

Èyí tó tún dùn mí jù ni ti Ẹ̀bólà. Ní oṣù keje, 2014, nígbà tí àìsàn náà bá ọkọ̀ òfurufú wọ Èkó, ní Ọbáléndé lórí erékùṣù wa ni Dókítà Ameyo Adadevoh ti dí i lọ́nà, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ fún wa. Àwọn onímọ̀ kòkòrò àìsàn ní Ìdí-Àràbà yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó gbé e wọlé wò, yunifásítì Redeemer's náà yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ wọn yọrí sí rere: èèyàn 20 péré ló kó o ní gbogbo orílẹ̀-èdè, mẹ́jọ ló kú, a sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ 20, oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, ìròyìn òfegè kan gba orí fóònù lóru pé omi iyọ̀ ni kéèyàn fi wẹ̀, kó sì mu ún. Àwọn kan mu ún, wọ́n dèrò ilé ìwòsàn, àwọn míì kú. Irọ́ sọ èdè tí ìyá àgbà gbọ́, ó sì bá a dórí ibùsùn. Òótọ́ ló ń dúró de ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan á ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Babs Fáfúnwá, tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1923, ti fèsì sí wọn. Ní 1970 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Wọ́n ta wọ́n yọ nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé Èdè Ìperí Yorùbá jáde. Ọ̀nà ti là. Ẹsẹ̀ tó máa tọ̀ ọ́ ló kù.

Àwọn míì á ní ayé kò lè ka Yorùbá, pé bí olùwádìí ò bá kọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó máa mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọn ò parọ́. Ẹ kọ Gẹ̀ẹ́sì yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn jọ́nà òkèèrè, kí orúkọ Èkó máa lọ sókè. Kí ẹ tó fi òǹtẹ̀ lù ú pé iṣẹ́ ti parí ni kí ẹ wá sọ́dọ̀ wa. N kò dá olùwádìí lẹ́bi, nítorí ohun tí wọ́n bá fi ń gbé èèyàn ga nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń lé. Òṣùwọ̀n náà ni kí wọ́n tún ṣe.

Ti owó kò le. Owó tí àjọ TETFund ń fún àwọn olùwádìí, orí òwò ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń gbà á. Kí apá díẹ̀ nínú owó ìwádìí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ti ìtumọ̀ àti kíkà sí gbangba. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá wà nínú ọgbà yunifásítì kan náà tí wọ́n lè ṣe iṣẹ́ yìí, kí wọ́n sì gba owó rẹ̀. Rédíò Èkó wà nílẹ̀ tí yóò gbé e sáfẹ́fẹ́. Bí ẹnì kan bá di ọ̀jọ̀gbọ́n, tó ti ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́ṣe rẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní gbọ̀ngàn J. F. Adé Àjàyí ní Akọka gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, kí ó tún rékọjá afárá wá sọ ọ́ ní Yorùbá ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ohun tí a bá jọ wò, gígún ní í gún: apẹja tó ti wà lórí ọ̀sà láti kékeré á ní ìbéèrè tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ ti ṣe òfin ìdáàbòbò èdè Yorùbá, gómìnà sì fọwọ́ sí i ní 2018. Ẹ fi abala kan kún un fún ìwádìí ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìpínlẹ̀ wa.

Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin lémọ́mù àti pásítọ̀, ọwọ́ yín ni èyí tó kù wà. Ẹ má lé olùwádìí tó bá wá gba ẹ̀jẹ̀, tó wá bu omi kànga, tàbí tó mú ìwé ìbéèrè dání. Ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ bi í pé ọjọ́ wo ló ń mú àbọ̀ bọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i níwájú yín.