Ẹ má ra nọ́ńbà ara páálí mọ́ o!

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Kano, àti ẹ̀yin ti Kaduna àti Jos! Ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ géèmù tí wọ́n ń fà lórí péèjì wa yìí ni mo fẹ́ dá sí. Àwọn kan ní ẹni tí kò bá ra 240Hz kò ra nǹkan kan. Àwọn kan ní irọ́ ni gbogbo ẹ̀, pé ojú èèyàn ò lè rí ju 60 lọ. Méjèèjì ò tọ̀nà, owó àwọn òbí ló sì ń ṣòfò.

Hz yẹn ni iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ ń pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ní ojú ò lè mọ ìyàtọ̀ 60 sí 144, kó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó fi máòsì fa nǹkan kiri lójú wọn. Ọmọ kékeré á mọ̀ ọ́n. Lórí 60Hz, àwòrán kan ń lo nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 17 kí òmíràn tó dé. Lórí 144Hz, ó di 7. Mẹ́wàá ti lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 144 sí 240, ohun tó dín kù ò tó mẹ́ta. Owó tí wọ́n ń bù lé e ńkọ́? Ẹ lọ béèrè!

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: mọ́nítọ̀ kì í dá àwòrán ṣe. Ẹ̀rọ tí ẹ so mọ́ ọn ló ń fún un. PS4 ò lè fún un ju 60 lọ. PS5 ò kọjá 120, kì í sì í ṣe gbogbo géèmù ló ń débẹ̀. Kànga tó ń sun ife omi 60, tí ẹ bá gbé dúrọ́ọ̀mù tó gba 240 lọ síbẹ̀, ife 60 náà lẹ ó gbé bọ̀.

Ọmọ wa kan níbí kó owó àjọ tó dá fún ọdún kan, ó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ọlọ́jà kan ta mọ́nítọ̀ 240Hz mẹ́rin fún un, kò bi í ní nǹkan kan. PS4 lọmọ náà ní, bọ́ọ̀lù ni àwọn oníbàárà ẹ̀ ń gbá. 60Hz tàbí 75Hz ì bá tó o, owó tó kù ì bá sì ra ínfátà. Ní báyìí, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ èrè ẹ̀.

Wọ́n á ní oníbàárà ló fẹnu ara ẹ̀ béèrè. Èmi náà ń tajà. Bí ẹlẹ́sẹ̀ 40 bá wá ra bàtà 45, ṣé ẹ ò ní sọ fún un ni? Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu ọlọ́jà ni: "Ẹ̀rọ wo lẹ fẹ́ so mọ́ ọn?" Ẹni tí kò bá béèrè, ẹ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.

PS5 lẹ ní? Ẹ wá 120Hz, kí ẹ sì rí i pé ihò HDMI ara mọ́nítọ̀ náà gba 120 lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà tó ní káàdì géèmù tó lágbára? 144 tàbí 165 ti tó. Wáyà DisplayPort ni kí ẹ fi so ó, torí HDMI àwọn mọ́nítọ̀ kan kì í gbé gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ Settings, Display, Advanced display, kí ẹ yan nọ́ńbà náà fúnra yín. Àìmọye ló ń lo 144 lórí 60 láìmọ̀! Tẹlifíṣàn tí wọ́n kọ "Motion Rate 120" sí lára, ìyẹn kì í ṣe 120Hz o. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ tàn án lójú ọlọ́jà, ẹ yan nọ́ńbà náà, kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, àyè wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀rọ tó wà nílé yín ná.