Májèlé Ogun, Májèlé Odò



Ní ọjọ́ 16 oṣù Mẹ́ta, 1988, ọkọ̀ òfurufú ìjọba Saddam Hussein da èéfín olóró sórí ìlú Halabja ní Ìráàkì. Nǹkan bí 5,000 ènìyàn ló kú, Mùsùlùmí bíi tiwa. Bẹ́ẹ̀ sì ni Àbùbákà, àrólé Ànábì wa, ti kìlọ̀ fún ọmọ-ogun tirẹ̀ pé kí wọ́n má pa obìnrin, ọmọdé tàbí arúgbó, kí wọ́n má tilẹ̀ gé igi eléso.

Ṣùgbọ́n kí a tó bú Saddam tán, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀sà wa. Tabun, ọ̀kan nínú àwọn májèlé ogun, ẹni tí ń wá oògùn kòkòrò ní Jámánì ló ṣèèṣì rí i ní 1936. Ohun tí ń pa kòkòrò kò jìnnà sí ohun tí ń pa ènìyàn. Gamalin 20, oògùn kòkòrò oko kòkó, iṣan tí ń bá ọpọlọ ṣiṣẹ́ ni òun náà ń bà jẹ́. Òun ni àwọn apẹja kan ní ilẹ̀ wa ń dà sómi kí ẹja lè léfòó kíá. Àtìyá àtọmọ ẹja ló ń kú. A máa ń béèrè bóyá wọ́n fi Bísímílà dú ẹran, a kì í béèrè ohun tó pa ẹja.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ béèrè ní ọjà Olúwo l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ àti ní Ìkòròdú. Ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ fi í sínú wáàsí Jímọ̀.