Ìgbéraga Dókítà Kì Í Ṣe Ẹ̀rí Ìmọ̀

Ẹ̀yin ará Ìwó, ìgbàgbọ́ kan wà láàárín wa tó yẹ ká fà tu tegbòtegbò. A gbà pé dókítà tó ń jágbe mọ́ aláìsàn, tí kì í dá nọ́ọ̀sì lóhùn, tí kì í ṣàlàyé ohun tó ń kọ sínú fáìlì, òun gan-an ni ògbóǹtarìgì. "Ó le o, ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́." Ohun tí wọ́n fi ń tu aláìsàn tuntun nínú nìyẹn. Irọ́ ni, irọ́ náà sì ń pààyàn.

Àwọn ìtàn tí a fẹ́ràn ló ń bá wa bomi rin ín. Dókítà á jọ ara rẹ̀ lójú, á ṣìnà, ojú rẹ̀ á là, á ronú pìwà dà, àwa òǹkàwé á sì nu omijé. Ìwé The Citadel, tí A. J. Cronin tó jẹ́ dókítà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 1937, wà lára àwọn tó lókìkí jù. Andrew Manson, dókítà inú ìwé náà, fi ọkàn rere bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn awakùsà ní Wales. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù, owó àti iyì gbé e lọ. Kí ló wá jí i? Ikú Harry Vidler ni, ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, tó kú sábẹ́ ọ̀bẹ Charles Ivory, oníṣẹ́ abẹ tí aṣọ rẹ̀ dára ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Manson ló mú Vidler lọ bá Ivory. Ìwé náà dùn, mi ò kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ta ni wọ́n fi ra ìrònúpìwàdà yẹn? Ẹni tó bá ń dúró kí agbéraga yí padà, kó rántí pé òun náà lè di Vidler.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìwé àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń kà sókè nínú yàrá iṣẹ́ abẹ: kí oníkálukú dárúkọ ara rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tún bi ara wọn léèrè orúkọ aláìsàn àti ibi tí wọ́n fẹ́ là. Wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ, láti Ifakara ní Tanzania dé Toronto. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009: ikú já wálẹ̀ láti 15 nínú 1,000 sí 8. Kò sí oògùn tuntun níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ọ̀sì lè ní kí ọ̀gá dúró ná. Níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń gbọ̀n níwájú ọ̀gá, ta ni yóò sọ fún un pé ẹsẹ̀ òsì ni, kì í ṣe tọ̀tún?

Ìmọ̀ àti ìrẹ̀lẹ̀ lè gbé pọ̀. Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sápárà (1861–1935), tó ṣẹ̀ wá láti Ìjẹ̀ṣà, kàwé yanjú nílùú ọba. Síbẹ̀ nígbà tí ìgbóná ń pa ará Èkó, kò jókòó sí ọ́fíìsì kó máa pè wọ́n lópè. Ó lọ wọ ẹgbẹ́ àwọn abọṢọ̀pọ̀ná, ó fetí sílẹ̀ títí ó fi mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn.

Ẹ ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn wọn. Òótọ́ ni, àwọn ẹgbẹ́ wọn ti já pa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń fojú tẹ́ńbẹ́lú èèyàn.

Ní ti ṣíṣàlàyé fún aláìsàn, babaláwo pàápàá máa ń sọ ohun tí Ifá wí fún ẹni tó wá dáfá. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014 náà ní kí oníṣègùn sọ bí ara aláìsàn ṣe rí fún un, irú ìtọ́jú tó wà, ewu rẹ̀ àti iye tí yóò náni, ní èdè tó yé e. Ní Ìwó, Yorùbá ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú odídẹrẹ́, ẹ má fẹnu sílé bí ẹ bá ń lọ sí ọsibítù. Ẹ béèrè orúkọ àìsàn náà, ẹ béèrè iṣẹ́ tí oògùn ń ṣe. Bí dókítà bá jágbe, ẹ rọra tún un béèrè. Bí kò bá dáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn, ẹ má sì ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé ó mọṣẹ́.