Kì Í Ṣe Gbogbo Odò Ni Ó Ń Fẹ́ Ìjánu Iná

Àríyànjiyàn kan ń lọ lọ́wọ́ láàrin àwa ọmọ Bantè àti Savalou, ó sì tó àkókò kí a gbé e dé ojú ìwé ìròyìn wa. Àwọn kan, pàápàá àwọn ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun, sọ pé ẹja pípa ní ilẹ̀ wa ti pẹ́ jù ní ojú kan náà. Wọ́n ní kí a dá owó jọ, kí a ra kẹ̀kẹ́ okùn ìwọ̀ oníjánu iná fún àwọn ọ̀dọ́, kí ẹja lè pọ̀ lórí àtẹ. Àwọn mìíràn, tí ó dàgbà jù wọ́n lọ, dáhùn pé ohun ìṣeré òyìnbó ni, pé àwọn baba wa kò lò ó, síbẹ̀ wọ́n jẹ ẹja yó. Ìhà méjèèjì ni mo fẹ́ bá wí. Àwọn ti àkọ́kọ́ yan irinṣẹ́ kí wọ́n tó wo odò. Àwọn ti ìkejì lé irinṣẹ́ lọ kí wọ́n tó mọ ohun tí ó ń ṣe. Irinṣẹ́ yìí ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ náà sì dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a fẹ́ torí rẹ̀ rà á.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Oríṣi méjì pàtàkì ni kẹ̀kẹ́ okùn ìwọ̀ tí a ń fi ju ìjẹ jìnnà, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní moulinet. Nínú oríṣi kìíní, bọ́bìnì dúró sójú kan, okùn ni ó ń yọ kúrò lórí rẹ̀. Illingworth, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba brevet lórí irú rẹ̀ ní ọdún 1905, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lọ́dọ̀ wa. Nínú oríṣi kejì, bọ́bìnì fúnra rẹ̀ ni ó ń yí bí a bá ju ìjẹ. Ọwọ́ àwọn aláago ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà ni èyí ti dàgbà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ó lágbára, ó sì ń jẹ́ kí apẹja darí ibi tí ìjẹ yóò bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí kò ṣeé fi pamọ́. Ìjẹ tí a jù ń bá afẹ́fẹ́ jà, eré rẹ̀ ń dín kù; bọ́bìnì kò mọ̀, ó ń sáré lọ. Okùn tí ó tú sílẹ̀ á wá pọ̀ ju èyí tí ìjẹ lè fà lọ, á sì di wúruwùru. Perruque ni àwọn apẹja Faransé ń pè é, nítorí ó jọ irun àdálẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yà.

Torí àléébù yìí ni a ṣe dá ìjánu sí i. Ìka àtàǹpàkò ni ìjánu àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irin kéékèèké tí ń fara ha ògiri bí bọ́bìnì bá ń yí, lẹ́yìn náà òòfà. Ìjánu iná ni ó dé kẹ́yìn. Nínú irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Shimano ti ilẹ̀ Jàpáànì sọ di olókìkí, kò sí bátìrì rárá: yíyí bọ́bìnì ni ó ń pèsè iná, kọ̀ǹpútà kékeré kan sì ń lo iná náà láti ka ìyára bọ́bìnì. Ilé-iṣẹ́ náà ní láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ń kà á tó ìgbà 1,000. Bí ó bá rí i pé bọ́bìnì fẹ́ sáré ju ìjẹ lọ, á fà á sẹ́yìn díẹ̀, á tún tú u sílẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Ẹni tí ó bá pè é ní ohun ìṣeré kò tíì wo inú rẹ̀.

Ní ibí yìí ni àṣìṣe tí ó tóbi jù lọ nínú àríyànjiyàn yìí ti wá, èdè Faransé ni ó sì bí i. Ọ̀rọ̀ kan náà, frein, ni a fi ń pe ohun méjì: frein de lancer, tí ń ṣàkóso bọ́bìnì nígbà tí ìjẹ wà ní afẹ́fẹ́, àti frein de combat, tí ń jẹ́ kí okùn yọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹja ńlá bá ń fà. Àwọn ọ̀dọ́ wa gbọ́ pé frein irinṣẹ́ yìí jẹ́ ti iná, wọ́n sì gbà pé iná ni yóò bá wọn mú ẹja. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìjẹ bá ti bọ́ sínú omi, iṣẹ́ ìjánu iná ti parí. Ẹja tí ó gbé ìwọ̀ mì kò mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ni ó ju ìjẹ náà tàbí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìjìnnà àti ìrọ̀rùn jíjù nìkan ni owó yẹn rà.

Ǹjẹ́ ìjìnnà ni ó ń wọ́n wa? Ẹ jẹ́ kí a wo omi tí a ní. Àwọn odò tí ń gba àárín oko wa kọjá kò fẹ̀. Igi bo etí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gbẹ títí yóò fi ku kòtò omi níhìn-ín lọ́hùn-ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò Agbado tí ó wà ní Savalou ń ṣàn lọ sínú Zou, Zou ń ṣàn lọ sínú Ouémé. Ibẹ̀ ni omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀ka igi, níbi tí òdìkejì odò kò ju ìjù òkúta kan lọ, bọ́bìnì kò ní sáré tó kí ìjánu iná tó rí iṣẹ́ ṣe. Ìjẹ wa pàápàá kò bá a mu. Ekòló lórí ìwọ̀ kékeré kò wúwo tó láti yí bọ́bìnì náà dáadáa. Ẹja àtọwọ́dá onígi tàbí onírin tí ó wúwo ni a ṣe é fún. Àrọ̀ àti epìyà tí à ń wá sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, nínú ẹrẹ̀ àti koríko. Ọ̀pá ọparun, okùn àti ìwọ̀ tó wọn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀.

Owó ńkọ́? Èyí tí kò wọ́n jù nínú irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí owó-iṣẹ́ oṣù méjì fún ẹni tí ń gba SMIG, èyí tí ó jẹ́ 52,000 FCFA lóṣù láti ọdún 2023. A kò tíì ra ọ̀pá tí ó bá a mu, a kò tíì ra okùn àti àwọn ẹja àtọwọ́dá tí gbòǹgbò inú omi yóò gbà mọ́ wa lọ́wọ́. Bí eruku ọyẹ́ bá wọ inú rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà kékeré yẹn sì kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ta ni yóò tún un ṣe? Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ìlú wa lè tún ẹ̀yà onírin rọ. Kò lè rọ kọ̀ǹpútà. Irinṣẹ́ tí a kò lè tún ṣe láàrin ara wa, a kàn yá a lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á ni.

Àwọn àgbà tí ń rẹ́rìn-ín báyìí, kí wọ́n má tètè yọ̀. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo rí tí irinṣẹ́ yìí lè ṣe dáadáa, a kò sì gbọdọ̀ fi ìkanra gbé wọn sọnù.

Èkíní ni omi gbalasa. Ní Ouémé lẹ́bàá Ṣábẹ nígbà tí omi bá pọ̀, tàbí ní odò Ọya ní Malanville, níbi tí atẹ́gùn ń kọjú sí apẹja, tí àwọn ẹja tí ń jẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ wọn sì ń rìn jìnnà sí etí omi, ìjẹ tí ó wúwo tí a jù sínú atẹ́gùn ni ìjánu iná mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ. Ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ máa mú àwọn àlejò lọ pẹja fún owó lè rí èrè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òwò àlejò ni ìyẹn. Kì í ṣe oúnjẹ ilé.

Èkejì ni ọwọ́ ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò tíì mọ bí a ṣe ń fi àtàǹpàkò dá bọ́bìnì dúró lè lo wákàtí púpọ̀ lórí títú perruque. Ìjánu iná á gbà á lọ́wọ́ èyí tí ó pọ̀ nínú ìyà náà. Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ ní, tí ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, tó fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀kẹta, tí mo kà sí èyí tí ó dára jù, ni kíláàsì. Olùkọ́ PCT ni mí. Lọ́dọọdún ni à ń kọ òfin Lenz sára pátákó: iná tí ìyíra òòfà bí ń tako ìyíra tí ó bí i. Faraday rí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1831, Lenz sì sọ ìhà tí iná náà ń kọjú sí ní 1834. Àwọn ọmọ ń kọ́ ọ sórí, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, wọ́n sì ń gbàgbé rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yìí ni òfin náà gan-an, tí a lè dì mú lọ́wọ́. Ẹ yí bọ́bìnì, òòfà á yí níwájú wáyà, iná á jáde, iná á sì fa bọ́bìnì sẹ́yìn. Ẹ óò gbọ́ igbe tín-ínrín rẹ̀ bí ẹ bá jù ú. Ọmọ tí ó bá rí i kò ní béèrè mọ́ ohun tí òfin yẹn wúlò fún.

Ohun tí ó kù ni ẹja fúnra rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo wa ní à ń jà fún. Ẹ wo Argungu ní àríwá Nàìjíríà, níbi tí a ti ń ṣe ọdún ẹja pípa láti 1934, tí UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ ogún àjogúnbá ní 2016. Àwọ̀n ọwọ́ àti igbá ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ń wọ odò náà, síbẹ̀ ẹja tí ó ń gba ẹ̀bùn máa ń tóbi tó ohun tí ọkùnrin kan ń fi agbára gbé. Kí ló fà á? A ti odò Matan Fada pa mọ́ ẹja pípa títí di ọjọ́ ọdún. Ìsinmi omi ni ó ń sọ ẹja di ńlá.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í jẹ́ kí omi sinmi. Àwọn kan ń da oògùn kòkòrò òwú sínú kòtò omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n sì ń kó òkú ẹja lọ sí ọjà fún wa jẹ. Àwọn mìíràn ń fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kò ju ti asẹ́ lọ kó ọmọ ẹja. Òfin 2014-19 ti ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2014 lórí ẹja pípa àti ẹja sísìn ní Bẹ̀nẹ̀ kò fi àyè gba májèlé nínú omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo ìgbàlódé, èéṣe tí ohùn yín kò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí? Kò sí ìjánu iná tí yóò mú ẹja jáde láti inú omi tí a ti pa.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi kò gùn. Kí ẹgbẹ́ ra kẹ̀kẹ́ kan, ẹyọ kan, kí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ àti ọ̀dọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ jọ máa lò ó. Kí a fi owó yòókù ra àwọ̀n olójú ńlá fún àwọn apẹja, kí a sì kọ́ ààrò ìyanja irú ti Chorkor, tí ó gba orúkọ àdúgbò àwọn apẹja kan ní Accra, fún àwọn ìyá wa tí ẹja ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Kí àwọn ọba àti olóyè wa sì yan kòtò omi díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn títí ọjọ́ tí a bá dá. Ìjánu tí odò wa ń fẹ́ nìyẹn: ọwọ́ tiwa ni kí a fi í sí.