Áàpù Ẹgbẹ́ Wa: Mock Nìkan Ò Tó

Ọ̀rọ̀ áàpù tí a fi ń kọ owó ẹgbẹ́ sílẹ̀ la fẹ́ sọ. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó ọ̀kan nínú wa. Ìyá rẹ̀ kú nílé, ó ní kí ẹgbẹ́ fún òun ní owó ìsìnkú, áàpù ní òun ò mọ orúkọ ẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ owó ọdún kan ló san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, risíìtì akápò wà lọ́wọ́ ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó di ìjà.

Àwa tí a ń ta aṣọ ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n a pe àwọn ọmọ tó ṣe áàpù náà, a jókòó tì wọ́n. JavaScript ni wọ́n fi kọ ọ́, MongoDB ló ń tọ́jú orúkọ àti owó wa, Mongoose ló wà láàárín méjèèjì. Wọ́n ní àwọn dán an wò, gbogbo ẹ̀ ló yege. A ní báwo? Wọ́n ní àwọn fi Jest ṣe mock ni. Ìyẹn ni pé wọn ò dé ọ̀dọ̀ database rárá. Wọ́n fi ayédèrú kan rọ́pò ẹ̀, ohunkóhun tí áàpù bá gbé fún un, á ní "ó ti wọlé".

Ó dà bí kéèyàn fi bébà tí a gé bí náírà kọ́ ọmọ ọjà ní owó kíkà. Á mọ̀ ọ́n kà o. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí kọ́sítọ́mà bá kó owó tó ti ya, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ fún un, ibo ló ti fẹ́ mọ̀ pé kó má gbà á?

Fóònù kan ni tọkọtaya yẹn ń lò. Àwọn ọmọ yìí ti kọ "unique" sí nọ́ńbà fóònù, kí ẹni méjì má baà lo ọ̀kan náà. Mongoose fúnra ẹ̀ kì í yẹ ìyẹn wò, MongoDB gan-an ló ń kọ̀ ọ́. Ọkọ wọlé, MongoDB dá ìyàwó padà. Áàpù ò sọ fún akápò, torí ẹni tó kọ ọ́ ò rí i rí kí nǹkan kọ̀. Ayédèrú tiẹ̀ kì í kọ nǹkan.

A ò ní kí wọ́n má lo mock mọ́. Ó yára, kì í ba àkọsílẹ̀ jẹ́, wọ́n tiẹ̀ lè ní kó ṣe bí ẹni pé database ti kú, kí wọ́n wo ohun tí áàpù máa ṣe. (Wọn ò ṣe ìyẹn náà!) Ṣùgbọ́n ohun tó bá jẹ́ pé database ló ń pinnu ẹ̀, database gidi ni kí wọ́n bi. Wọn ò sì ní láti fọwọ́ kan owó wa. mongodb-memory-server wà, ọ̀fẹ́ ni: MongoDB gidi ló ń gbé dìde, òfìfo, tí wọ́n bá dán an wò tán, ó ti lọ nìyẹn.

Àwọn kan ní ká gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwa ò fara mọ́ ọn, ọmọ wa ni wọ́n. Kí akápò kàn má tíì san owó tó kù, títí wọ́n á fi fi nọ́ńbà kan forúkọ ẹni méjì sílẹ̀ lójú wa, ká rí ohun tó máa sọ. Kí wọ́n sì yọ òfin nọ́ńbà yẹn kúrò. Ta ló sọ fún wọn pé gbogbo ìyàwó ilé ló ní fóònù tiẹ̀? Owó ìsìnkú obìnrin yẹn, kí ẹgbẹ́ san án ní Sunday yìí. Risíìtì tó.