Eérú Kì í Tọ Gbogbo Ẹni Tó Dà Á

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bí òwe kan bá wà tó yẹ kó dẹ́rù ba ẹni tó fẹ́ fi gáàsì olóró jagun, òun ni, nítorí afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohun ìjà náà kiri, afẹ́fẹ́ kò sì gbọ́ àṣẹ ọ̀gágun. Ní Loos, ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tú gáàsì kílórínì sí àwọn ará Jámánì; ní apá ibì kan, afẹ́fẹ́ ṣẹ́rí padà, ó da oró náà bo àwọn tó tú u.

Jámánì ló ti kọ́kọ́ lò ó lọ́nà ńlá, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún yẹn, nítòsí Ypres ní Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n ṣí sílíńdà tó ju 5,700 lọ, ìkùukùu tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ń pọ́n sì ń rá bọ̀ lórí ilẹ̀. Kílórínì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Inú kòtò tí jagunjagun sá sí nítorí ọta ìbọn gan-an ló ń ṣàn wọ̀. Bó bá kan omi inú ẹ̀dọ̀fóró, á di ásíìdì, á máa jó o, omi á sì kún ibẹ̀ títí ẹni náà yóò fi kú bí ẹni tó rì sódò, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn ọmọ ogun Faransé, àti àwọn tí Faransé kó wá láti Algeria, ló kọ́kọ́ fojú winá rẹ̀.

Fritz Haber, onímọ̀ kẹ́míkà tó darí iṣẹ́ náà, gbà pé ikú kan kò yàtọ̀ sí òmíràn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní gáàsì láàánú ju àgbá lọ, nítorí nínú àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan tí gáàsì kọlù nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, nǹkan bí 90,000 ló kú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ẹ̀dọ̀fóró tó bàjẹ́ títí ọjọ́ alẹ́, tàbí ara tí gáàsì mọ́sítádì, tó wọ ojú ogun ní 1917, bó bí ìgbà tí ènìyàn kó sínú omi gbígbóná?

Àdéhùn Geneva ti 1925 ka lílo gáàsì olóró lójú ogun léèwọ̀, Ítálì sì fọwọ́ sí i. Láàrin 1935 àti 1936, ọkọ̀ òfurufú Ítálì fọ́n gáàsì mọ́sítádì sórí Ethiopia bí òjò: sórí jagunjagun, sórí darandaran àti ẹran rẹ̀, sínú odò tí gbogbo wọn ń mu. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1936, Ọba Ethiopia, Haile Selassie, fúnra rẹ̀ dìde ní Geneva, ó rò ó fún àpéjọ àwọn orílẹ̀-èdè. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi mú ìdènà òwò tí wọ́n fi jẹ Ítálì níyà kúrò. Eérú kankan kò tọ Róòmù lọ. Òwe mìíràn ló ṣẹ níbẹ̀: ẹni a lè mú là ń lèdí mọ́.

Òwe kejì yìí ló ṣàlàyé ìyókù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Jámánì, Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kó gáàsì jọ pelemọ, síbẹ̀ wọn kò dà á lu ara wọn lójú ogun, nítorí oníkálukú mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Àwọn Júù tí Jámánì há mọ́nú yàrá ni wọ́n fi gáàsì pa, àwọn tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ní Halabja, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1988, ìjọba Ìráàkì fi gáàsì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún Kurd, àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òfin ló ń dá ọwọ́ àwọn alágbára dúró, ìbẹ̀rù ni.

Àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1997 sàn ju ti Geneva lọ, nítorí ó ka ṣíṣe gáàsì náà àti títọ́jú rẹ̀ pamọ́ léèwọ̀, ó sì ní àwọn olùbẹ̀wò tí ń ti The Hague lọ yẹ ilé ìpamọ́ wò. Ní 2023, Amẹ́ríkà run èyí tó kù nínú tirẹ̀. Kílórínì ni kò ṣeé parẹ́, nítorí òun náà ni wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ. Ní Douma, ní Síríà, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 2018, ó pa ènìyàn 43. Àwọn olùṣèwádìí The Hague ní ẹ̀rí tó wà tó láti gbà pé hẹlikópítà ọmọ ogun òfurufú Síríà ló jù ú. Gáàsì Ypres kan náà ni, lẹ́yìn ọdún 103.