Ẹni Tí Yóò Gún Ọmọ Ẹyẹ

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò mú igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí yóò ti dùn ún tó. Òwe yìí ni mo rántí lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi kan, tí ó ń kọ́ nípa bí ara ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ní kí n yọ̀ǹda itan mi fún ìwádìí. Ìwé tí ó mú wá gùn, Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sì le. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á kí ó tó yé mi pé wọn yóò bu díẹ̀ nínú iṣan itan mi.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, n kò lòdì sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Ní 1907, Fletcher àti Hopkins ní Cambridge fi iṣan àkèré hàn wá pé èròjà kíkan kan máa ń pọ̀ sí i bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tún rí i pé bí a bá fọwọ́ líle mú iṣan tí ó ń sinmi, yóò dà bí èyí tí ó ti ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ sínú ọtí líle tí ó tutù bíi yìnyín, kí ohun gbogbo lè dúró bí ó ti wà.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe àkèré. Ní 1962, ní Stockholm ní ilẹ̀ Sweden, Jonas Bergström bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ oníhò tí ó lè bu iṣan kékeré, bíi hóró ìrẹsì, nínú itan ènìyàn. Nígbà tí ó di 1966, òun àti Eric Hultman fi ara wọn dán ọ̀rọ̀ wò. Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo, oníkálukú fi ẹsẹ̀ kan wà á, ó fi èkejì sinmi. Glycogen, ìyẹn oúnjẹ tí iṣan fi pamọ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú ẹsẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi jẹ oúnjẹ afúnnilágbára, tirẹ̀ wá tó ìlọ́po méjì ti ẹsẹ̀ tí ó sinmi.

Bí wọn kò bá mọ ti ẹsẹ̀ tí ó sinmi, kí ni wọn ìbá fi wọn èyí tí ó ṣiṣẹ́? Ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ kò lè wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú ewé tí ó kẹ́yìn ni ìwé ọ̀rẹ́ mi fi èyí sí. Bí ó bá jẹ́ bàbá mi àgbà ni wọ́n mú un lọ bá ńkọ́? Ìka ni wọn ìbá ní kí ó tẹ̀ ẹ́.

Èrò tèmi ni pé ìyọ̀ǹda tí kò yé ẹni tí ó yọ̀ǹda kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Àwọn kan yóò ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó. Irọ́ ni! Nínú gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, orúkọ èròjà kan péré ni mo yá. Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ni kí a jókòó ti àwọn oníṣẹ́ abẹ́rẹ́, kí a jọ kọ ọ́.

Mo ti dá ọ̀rẹ́ mi lóhùn. Itan mi wà níbẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gún tirẹ̀, kí ó sì wá sọ fún mi ní Yorùbá bí ó ti dùn ún tó.